Òfin Bàbá Ló Wà Lókè

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá ní Monrovia, èmi náà ni mo sì ń ṣọ́ àpótí ímeèlì ẹgbẹ́. Kì í ṣe pé mo bẹ̀bẹ̀ fún un. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń wá ẹni tó máa ṣe é, wọ́n bi ara wọn pé ta ló ń ṣiṣẹ́ nídìí kọ̀m̀pútà láàárín wa, ni gbogbo ojú bá yí sọ́dọ̀ mi. Ọ́fíìsì kan ní Mamba Point ni mo ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń sanwó fún mi níbẹ̀ kí kọ̀m̀pútà àwọn èèyàn má baà dẹnu kọlẹ̀. Ti ẹgbẹ́, ọ̀fẹ́ ni. Àdúrà ni wọ́n fi ń san án, àdúrà náà sì máa ń gùn.

Àpótí yẹn kì í sinmi. Ìyá kan á kọ lẹ́tà láti Ìwó pé òun ò gbúròó ọmọ òun tó ń ṣòwò ní Duport Road. Ẹlòmíràn á bèèrè ilé tó lè wọ̀ sí bó bá dé. Ṣùgbọ́n kí lẹ́tà ẹni gidi kan tó wọlé, ti àwọn oníjìbìtì á ti wọlé lọ́nà mẹ́wàá. Ọ̀kan á ní mínísítà ni bàbá òun, wọ́n pa á, ó fi àpótí wúrà sílẹ̀, òun wá ń wá olùbẹ̀rù Ọlọ́run kan ṣoṣo tó máa bá òun gbé e jáde. Òmíràn á ní ọ̀gágun ni bàbá òun. Bàbá gbogbo wọn ló lówó, bàbá gbogbo wọn ló sì ti kú. Ìtìjú wà níbẹ̀ fún àwa ọmọ Nàìjíríà. Bí irú rẹ̀ bá wọ ọ́fíìsì wa, àwọn ará Liberia tá a jọ ń ṣiṣẹ́ á yíjú sí mi, wọ́n á ní, "Your people them wrote again o!" Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Inú mi kì í dùn rárá.

Ẹgbẹ́ ní kí n ṣe òfin tí yóò máa lé ìdọ̀tí yìí dànù kí a tó rí i, àwọn àgbà sì fẹnu ara wọn sọ òfin tí kálukú wọn fẹ́. Ìyá tó ń darí àwọn obìnrin ní kí n lé gbogbo lẹ́tà tó ń polówó oògùn ọkùnrin, ó ní ojú òun ò ní gbà á. Lèmọ́mù ní tiwọn, pásítọ̀ ní tiwọn. Ṣùgbọ́n ti Bàbá ló le jù.

Bàbá ni alága wa. Pàánù àti ìṣó ni wọ́n ń tà ní Lakpazee, wọ́n sì ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ohun tó bí wọn nínú ni pé ọkùnrin kan kọ lẹ́tà sí wa ní Yorùbá tó já gaara, ó ní òun ni ọmọ ọ̀kan nínú wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. A kó ẹrù olóògbé jọ, a kó o fún un, àfi bí ọmọ gidi ṣe dé lóṣù kejì tó ń bèèrè ẹrù bàbá rẹ̀. Bàbá gbọ̀n fún ìbínú nípàdé ọjọ́ yẹn. Wọ́n ní, "Olè tó gbédè wa ló burú jù. Akọ̀wé! Gbogbo lẹ́tà tó bá ti ní 'bàbá mi' nínú, ìbáà jẹ́ èdè òyìnbó, ìbáà jẹ́ èdè wa, dà á nù. Ẹni tó bá ní bàbá, kó lọ bá bàbá rẹ̀ nílé."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bàbá, ẹni gidi náà lè kọ ọ́ o." Wọ́n kàn wò mí. Ẹni tó bá dàgbà lọ́dọ̀ àwọn òbí Yorùbá mọ ojú tí mò ń sọ. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà," mo sì kọ òfin náà bí wọ́n ṣe pè é.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ fetí sí, nítorí ibẹ̀ ni nǹkan ti bàjẹ́. Òfin inú ímeèlì ní ipò. Bí lẹ́tà bá wọlé, òfin kìíní ló máa kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá kàn án, á jẹ́ kó kọjá sọ́dọ̀ èkejì, èkejì á jẹ́ kó kọjá sọ́dọ̀ ẹ̀kẹta, títí dé ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òfin kìíní bá ti mú un, ọ̀rọ̀ bùṣe, àwọn tó kù ò ní fojú kàn án. Ẹni tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ to àwọn tó yẹ kó wọlé sókè, kó tó to àwọn tó yẹ ká lé. Bí mo ṣe ń ṣe é ní Mamba Point nìyẹn. Ti ẹgbẹ́ ńkọ́? Ọjọ́ orí ni mo fi tò ó. Òfin Bàbá ló wà lókè, ti Ìyá tẹ̀ lé e, ti lèmọ́mù, ti pásítọ̀, ti àwa tó kéré wà nísàlẹ̀, bá a ṣe ń jókòó nípàdé gan-an. Mo tiẹ̀ ṣí i han Bàbá lórí fóònù mi. Wọ́n rí i pé tàwọn ló ṣíwájú, wọ́n ní ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni mí. Irun orí mi ti ń funfun, síbẹ̀ inú mi dùn bíi ti ọmọ kékeré.

Bàbá ní ọmọbìnrin kan ní Ìwó. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi mọ Bàbá kí n tó mọ̀ pé ó wà. Ọmọ náà fẹ́ ọkọ tí Bàbá ò fẹ́, ìyá rẹ̀, tí í ṣe ìyàwó Bàbá, sì tì í lẹ́yìn. Bàbá ò lọ síbi ìgbéyàwó. Wọ́n pè é lórí fóònù láti Monrovia níbí, wọ́n ní, "Láti òní lọ, o ò gbọdọ̀ pè mí ní bàbá rẹ mọ́." Àwọn fúnra wọn ló sọ ọ́ fún mi. Wọ́n ní ọmọ náà kàn ní, "Mo ti gbọ́, sà," ó sì gbé fóònù kalẹ̀. Bàbá ní ohun tó dun àwọn jù ni "sà" yẹn. Wọ́n ní bí ẹni ń dá ọlọ́pàá lóhùn ni.

Ní òjò tó kọjá yìí, ẹ̀jẹ̀ ríru mú Bàbá, ọwọ́ ọ̀tún wọn sì kú tì. Nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń gbé, àwọn ará mọ́ṣáláṣí ló ń gbé oúnjẹ wá fún wọn. Lọ́jọ́ kan wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Mọ̀lẹ́bí kan ti bá wọn rí àdírẹ́sì ímeèlì ọmọbìnrin wọn tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Wọ́n fẹ́ kọ lẹ́tà sí i, ọwọ́ wọn ò sì lè kọ ọ́.

Mo jókòó lórí àpótí ìṣó, mo gbé kọ̀m̀pútà lé itan, òjò ń lu pàánù lórí wa. Wọ́n ń sọ, mò ń tẹ̀ ẹ́. "Kọ ọ́ pé èmi ni mo jẹ̀bi. Má ṣe ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Kọ ọ́ pé kí ó bá mi bẹ ìyá rẹ̀ náà. Mo fẹ́ gbọ́ ìdáríjì lẹ́nu àwọn méjèèjì kí n tó kú." Mo ní kí n fi nọ́ńbà fóònù wọn sí i kí ọmọ náà lè tètè pè. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní, "Rárá o. Ẹnu ni mo fi bà á jẹ́. Ẹnu mi ò ṣeé fọkàn tán. Kó kọ́kọ́ kọ̀wé sí mi, kí n ka ohun tó bá fẹ́ sọ láì já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀." Nígbà tá a dé ìparí, wọ́n ní kí n kọ "Èmi, bàbá rẹ." Wọ́n wá dá mi dúró. Wọ́n ní, "Akọ̀wé, ṣé mo ṣì lẹ́tọ̀ọ́ sí i?" Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀m̀pútà. Wọ́n ní, "Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí kò bá fẹ́ ẹ, kó pa á rẹ́ níbẹ̀."

Bàbá ò ní ímeèlì tiwọn, láti àpótí ẹgbẹ́ ni mo ti fi lẹ́tà náà ránṣẹ́. Nítorí kí èsì ọmọ náà má baà sọnù sáàárín ìdọ̀tí, mo ṣe òfin tuntun fún un lọ́jọ́ yẹn. Ohunkóhun tó bá ti wá láti àdírẹ́sì rẹ̀, kí wọ́n fi ìràwọ̀ sí i lára, kí fóònù mi sì dún. Mo ro ti Bàbá ni, mo rò ó dáadáa. Ibo ni mo wá fi òfin náà sí? Ìsàlẹ̀ pátápátá. Òfin tuntun ni, ti ọmọ ni, ọwọ́ mi kàn lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀ ni. Mi ò sì dán an wò. Káfíńtà tó bá kan ilẹ̀kùn á ṣí i, á tún tì í, kó tó gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìdúró wá bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bí mo bá ti kúrò ní Mamba Point, màá yà ní Lakpazee kí n tó lọ sílé ní Duport Road. Bàbá á ti gbọ́ ẹsẹ̀ mi. "Akọ̀wé, lẹ́tà dé?" Màá ní, "Kò tíì dé, sà." Wọ́n á ní, "Kò burú. Ó lẹ́tọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀." Wọ́n á wá bi mí nípa àwọn ọmọ mi àti ọ̀nà tí omi bò. Oṣù kan lọ. Oṣù kejì lọ. Mo ní ẹ jẹ́ ká kọ òmíràn, wọ́n ní rárá, ẹ̀bẹ̀ tó bá di ẹlẹ́ẹ̀kejì á dà bíi pé àwọn ń fipá mú un. Ojú Bàbá ń wọnú, aṣọ sì ń tóbi lọ́rùn wọn. Nígbà tó di oṣù kẹta, wọn ò bi mí mọ́. Wọ́n á kàn wo ọwọ́ mi nígbà tí mo bá ń wọlé, bóyá mo di bébà kankan dání.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: mo bú ọmọ yẹn. Mo bú u nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo bú u délé, mo bú u sí ọkọ mi létí. Mo ní irú ọmọ wo nìyí, ọlọ́kàn òkúta, ẹni tí bàbá rẹ̀ tó bí i lọ́mọ dọ̀bálẹ̀ fún lórí bébà tí kò lè sọ pé mo gbọ́. Ọkọ mi ní, "O ò mọ ohun tó wà níbẹ̀." Mo ní kí ni mi ò mọ̀? Mo ti yẹ àpótí náà wò láìmọye ìgbà!

Mo yẹ̀ ẹ́ wò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí kò yẹ ni mò ń wò. Ibi méjì ni lẹ́tà tí wọ́n bá lé máa ń lọ. Èkíní ni àpò tí ilé-iṣẹ́ tó ni ímeèlì fúnra wọn máa ń kó lẹ́tà tí wọ́n bá fura sí sí. Èkejì ni ààtàn, níbi tí òfin tí àwa fọwọ́ ara wa ṣe máa ń da nǹkan sí. Ohun tó bá pé ọgbọ̀n ọjọ́ nínú ààtàn á pòórá, kò sì sẹ́ni tó lè rí i mọ́. Àpò àkọ́kọ́ nìkan ni mò ń yẹ̀ wò. Mi ò dé ààtàn rí, nítorí mo gbà pé àwọn àgbà ò lè ní ká da ohun tó dáa nù.

Tíṣà kan ló jí mi lójú oorun. Ọmọ ẹgbẹ́ wa ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nítòsí wa ní Duport Road. Bàbá rẹ̀ kú ní Nàìjíríà, ó sì fẹ́ ṣe fídáù ogójì ọjọ́ níbí. Ó fi ìkéde ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ kí n kà á nípàdé. Mi ò kà á. Ọjọ́ àdúrà pé, kò sí ẹnì kankan nínú wa tó yọjú. Ní òwúrọ̀ Sátidé, ó wá bá mi nílé. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ pọ́n.

"Àǹtí," ó ní, "ohun tẹ́ ẹ ṣe fún mi dùn mí wọra. Bó bá jẹ́ ọmọ olówó ni mí, ṣé ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀?"

Inú bí mi. Mo ní, "Ìkéde wo? O ò fi nǹkan kan ránṣẹ́! Má wá pa irọ́ mọ́ mi láàárọ̀ yìí o."

Ó yọ fóònù jáde, ó fi hàn mí. Ó ti fi ránṣẹ́ lóòótọ́, àdírẹ́sì wa sì ni. Mo ní kó tún un fi ránṣẹ́ lójú mi. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. A dúró. Kò dé. Mo ní kó kọ "Ẹ káàárọ̀" lásán. Ìyẹn dé lọ́gán. Ìbínú mi rọlẹ̀, iṣẹ́ mi jí sí mi lára. Mo gbé àga fún un, mo ní, "Jókòó. Ohun kan wà nínú lẹ́tà yẹn tí wọn ò fẹ́."

Ó pín lẹ́tà náà sí méjì bí ẹni pín iṣu, ó fi ìdajì àkọ́kọ́ ránṣẹ́. Ó dé. Ó fi ìdajì kejì ránṣẹ́. Kò dé. A tún pín ìyẹn. Apá tó sọ ọjọ́ àti ilé dé. Gbólóhùn kan ló wá kù: "Kí gbogbo ẹgbẹ́ wá bá mi ṣàdúrà fún bàbá mi." Ó yọ "bàbá mi" kúrò, ó kọ "olóògbé". Ó dé. Tíṣà gbé ojú sókè wò mí. Ó kọ ọ̀rọ̀ méjì péré, "bàbá mi", ó fi ránṣẹ́, ó sì gbé fóònù kalẹ̀ lórí tábìlì. A jókòó tì í. Kò dé.

Mo ti rántí òfin Bàbá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Tíṣà kọ́ ló wá sí mi lọ́kàn. Ọmọ wo ló ń dá bàbá rẹ̀ lóhùn tí kò ní kọ "bàbá mi"? Mo ṣí ààtàn. Àpótí wúrà pọ̀ níbẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Ìkéde Tíṣà wà níbẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni mo ti rí orúkọ ọmọ Bàbá. Lẹ́tà kan ṣoṣo. Ó ti pé ọjọ́ méjìlá nínú ààtàn.

Mo kà á tán, mo ní, "Yéè! Mo kú!" Tíṣà bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Mo sọ fún un, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ìjókòó yẹn. Ó wá ní, "Àǹtí, ẹ sọ fún Bàbá pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni." Àánú mi ló ṣe é ló ṣe sọ ọ́. Kò sì sẹ́ni tí kò ní gbà á gbọ́ ní Monrovia. Bí iná bá lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Bí òjò bá rọ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Mo ro irọ́ yẹn nínú kẹ̀kẹ́ títí mo fi dé Lakpazee, mo rò ó dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ó dùn lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá pa á, ọmọ yẹn ni Bàbá máa máa bá bínú lọ́kàn, pé kò kọ̀wé nígbà tó yẹ. Èmi náà sì ti bú u tó.

Bàbá jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ pàánù. Ọjọ́ Sátidé ni, wọn ò retí mi. Wọ́n wo ọwọ́ mi, wọ́n rí bébà. Mo ti tẹ lẹ́tà náà jáde ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí kí n tó wọlé, nítorí pé bébà ni wọ́n ń retí látìgbà yìí. Ojú wọn là. Ìyẹn ló pa mí lára jù lọ ní gbogbo ọjọ́ yẹn, bí ojú wọn ṣe là.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, kí n tó kà á, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹ̀ṣẹ̀ mi." Wọ́n ní, "Kà á ná." Mo kà á. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí:

"Bàbá mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́tà kẹrin nìyí. Nínú àkọ́kọ́, mo sọ fún yín pé mo rí lẹ́tà yín gbà, pé mo sunkún, mo sì kà á sí Màámi létí. Nínú èkejì, mo ní kí ẹ fún wa ní nọ́ńbà fóònù yín, pé Màámi fẹ́ gbóhùn yín. Nínú ẹ̀kẹta, mo ní kí ẹ jọ̀wọ́ kí ẹ yára, ara Màámi ò yá. Ẹ ò dá mi lóhùn. Àràárọ̀ ni Màámi ń bi mí pé ṣé bàbá rẹ ti kọ̀wé. A sin wọ́n ní Jímọ̀ tó kọjá. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé àwọn ti dárí jì yín tipẹ́, kí lẹ́tà yín tó dé rárá. Mi ò ní kọ̀wé mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ gbóhùn mi, nọ́ńbà mi ló wà nísàlẹ̀ yìí."

Bàbá ka àdúrà tí àwọn Mùsùlùmí máa ń kà bí wọ́n bá gbọ́ ikú. Wọ́n kà á jẹ́jẹ́. Wọ́n ní kí n tún ibi tí ọmọ náà ti sọ pé àwọn sin ìyá òun kà. Mo tún un kà. Wọ́n ní, "Mẹ́ta yòókù ńkọ́?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Mo sọ nípa òfin àti ipò rẹ̀, mo sọ nípa ààtàn àti ọgbọ̀n ọjọ́. Mo ní àwọn mẹ́ta yẹn ti pòórá, mi ò lè rí wọn mọ́ láé. Omijé ti bo ojú mi. Mo ní, "Èmi ni mo fi òfin ọmọ yín sísàlẹ̀, sà. Mo mọ̀ pé kò yẹ kó wà níbẹ̀. Mi ò lè fi ohunkóhun sókè òfin yín ni."

Mo ń retí pé kí wọ́n bú mi. Ì bá sàn. Wọ́n kàn ń wo ọwọ́ ọ̀tún wọn tó wà lórí itan.

"Ta ló ní kó o lé gbogbo lẹ́tà tó ní 'bàbá mi'?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Mo ní kí ọmọ yẹn má pè mí ní bàbá mọ́," wọ́n ní. "Láti gbogbo ọdún yìí wá, kọ̀m̀pútà yín nìkan ló gbọ́ràn sí mi lẹ́nu."

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ kì í ṣeé kó. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti fi òwe yẹn bá àwọn ọmọ mi wí. Mo kúnlẹ̀ níwájú Bàbá lọ́jọ́ náà, mi ò lè sọ ọ́ jáde, kò sì sí ohun mìíràn lọ́kàn mi.

Wọ́n ní, "Ṣé òfin náà ṣì wà níbẹ̀?" Mo ní ó ṣì wà, pé ọwọ́ mi kọ̀ láti yọ ọ̀rọ̀ wọn kúrò láì sọ fún wọn. Wọ́n mi orí. "Ìwọ náà le o, Akọ̀wé. Gbé e wá." Mo ṣí fóònù, mo fi ibi tí wọ́n máa tẹ̀ hàn wọ́n. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Fóònù bèèrè bóyá ó dá wọn lójú, mo kà á fún wọn, wọ́n sì tún un tẹ̀. Òfin Bàbá kúrò. Mo gbé ti ọmọ wọn lọ sókè, mo fi hàn wọ́n, wọ́n ní ó dáa.

Wọ́n wá ní, "Pe nọ́ńbà yẹn."

Mo ní, "Ṣé kí n bá yín sọ̀rọ̀, sà?" nítorí mo rántí ohun tí wọ́n sọ nípa ẹnu wọn. Wọ́n ní rárá. Mo pè é, mo gbé fóònù sí wọn létí, mo dì í mú níbẹ̀. Ó dún lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo gbọ́ ohùn obìnrin, ó ní, "Hẹ̀lóò? Ta ni?"

Bàbá sún mọ́ fóònù. "Èmi ni," wọ́n ní. "Láti Monrovia." Wọn ò pe ara wọn ní bàbá ẹnikẹ́ni.

Ọmọ náà dákẹ́. Ó dákẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé iná ti kú lórí fóònù, ni mo bá wò ó, ó ṣì wà níbẹ̀. Bàbá di ojú. Mo mọ ohun tí wọ́n ń retí. "Sà" ni wọ́n ń retí.

"Bàbá mi," ni ọmọ náà ní. Mo gbọ́ ọ ketekete. "Bàbá mi, ẹ mà pẹ́ o."

"Mo pẹ́," Bàbá ní. "Mo pẹ́, ọmọ mi."